Obì Tí Kòkòrò Kò Jẹ

Adìẹ náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa ní Isikan, Àkúrẹ́, ó ká ọrùn sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé àrùn adìẹ ló dé, mo sì ti ń ro bí n óò ṣe kó àwọn tó kù wọlé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, mo rí èérún obì kan ní ẹnu rẹ̀. Ó ti rọ̀, ó pupa. Ara gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì tí mo sẹ́ láàárọ̀ yẹn ni, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí ẹ̀bá gọ́tà.

Mo dúró ti adìẹ náà. Mi ò tíì ro ohun kan pàtó. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ikọ́ ọkọ mi nínú ilé, kì í sì í ṣe ikọ́ rẹ̀ tí mo mọ̀. Ikọ́ ẹni tí itọ́ kún ẹnu rẹ̀ tí kò rí ibi tu ú sí ni.

Ó jókòó lórí àga nínú pálọ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń roko lọ́sàn-án. Ó fi aṣọ ìnujú nu ẹnu, itọ́ tún dà.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ta ló ti fèrèsé?"

Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oòrùn ti wọlé dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kọ́ọ̀pù rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti mu ún tán, ó sì ti bu èkejì kí n tó dá a dúró pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Èmi kò mu ju ìdajì kọ́ọ̀pù lọ. Mo wo kọ́ọ̀pù, mo wo ọwọ́ ara mi tó dì mọ́ ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbẹ̀rù ni.

Kí n sọ bí tíì obì ṣe wọ ilé wa. Àwọn ọdún líle ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, owó oṣù rẹ̀ sì máa ń fo oṣù bí ọmọdé ṣe ń fo okùn. Èmi ń ránṣọ níwájú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì jẹun kì í wá ránṣọ. Tíì inú páálí, mílíìkì, ṣúgà, a fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ ọ́ jáde, bí èèyàn ṣe ń kó kúrò nínú ilé tó ń jò, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ohun tó kù fún wa ni ewé tíì tó hù sẹ́yìn balùwẹ̀, àti ohun tí ìyá mi kọ́ mi.

Ìyá mi ń sè é ní Oǹdó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí oko kòkó, tíì obì ni wọ́n ń mu láti fi lé oorun àti ebi. Gbàǹja ni wọ́n ń lò. Wọn á bó o, wọn á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná, wọn á sá a sórí atẹ́ títí yóò fi máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí a bá mì í. Lẹ́yìn náà wọn á fi odó kékeré gún un, kì í ṣe kó kúnná, kó ṣáà fọ́. Bí a bá fẹ́ sè é, a ó di ewé tíì ní kókó, a ó jù ú sínú omi pẹ̀lú atalẹ̀ kékeré kan. Nígbà tí omi bá ti pọ́n yẹ́ẹ́ ni a ó tó bu obì sí i. A ó fa eèdú kúrò lábẹ́ rẹ̀, a ó dé e, a ó sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, kíkorò nìkan ni yóò mu. Ẹni tó bá ní sùúrù, tíì rẹ̀ á pupa bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ó korò lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ bí o bá mu omi tútù lé e, ṣe ni omi náà máa dùn bí ẹni pé wọ́n kán oyin sí i.

Àwọn ọmọ wa kì í mu ún. Wọ́n ní oògùn ibà ni. Èmi àti ọkọ mi nìkan la máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, kí àwọn ọmọ tó jí, tí a óò di kọ́ọ̀pù mú lọ́wọ́ méjèèjì. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ara máa ń ro wá láti àná, a sì mọ̀ pé ti òní ń bọ̀. Tíì yẹn ló máa ń jẹ́ ká lè dìde níbẹ̀.

Obì tí à ń sè, ọkọ mi ló ń mú un wá. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ ní ọ́fíìsì, ó máa ń lọ sí ilé ìpamọ́ obì kan ní Ọ̀bà-Ilé, ó ń bá wọn gbé àpò gbàǹja sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí òkè ọya. Nígbà mìíràn wọ́n á fún un lówó, nígbà mìíràn obì ìdí àpò ni wọ́n á bù fún un. Èyí tó ń mú wá tẹ́lẹ̀, kòkòrò ti lu ú. Mo máa ń fi ọ̀bẹ gé ibi tó lu kúrò kí n tó sá a, ìyà iṣẹ́ náà sì pọ̀. Èyí tó mú wá kẹ́yìn yàtọ̀. Kò sí ojú ihò kankan lára rẹ̀, ó ń dán. A dà á sórí atẹ́, a ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni rí ọmọ tuntun.

"Wò ó," ọkọ mi ní, "èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń fún ní ojúlówó."

Lúbúlúbú funfun díẹ̀ wà ní àárín àwọn awẹ́ rẹ̀. A rò pé ìyẹ̀fun ni, nítorí pé àpò fúláwà ni wọ́n fi kó o. A kò sì fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ obì mọ̀ pé èyí tí omi bá kàn kí a tó sá a, ṣe ni yóò bu. Mo gbọn lúbúlúbú náà dànù, mo gé obì náà, mo sá a. Nígbà tó gbẹ, mo gún un, ìyá mi ni mo sì kọ́kọ́ wọn tiwọn fún. Mo ṣa èyí tó dára jùlọ sínú agolo, mo fi rán awakọ̀ kan tó ń ná Oǹdó. Àwa ṣì ní díẹ̀ nínú ti àtijọ́, ìyẹn la sì ń mu. Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni a kọ́kọ́ fọwọ́ kan tuntun.

Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù. Mo fi ọkọ mi sí àárín, mo gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn kó má baà ṣubú. Mo mú obì tó kù dání nínú ọ̀rá. Mi ò mọ ohun tó mú kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ jẹ?" nọ́ọ̀sì bi wá.

"Tíì," mo ní.

"Tíì wo?"

"Tíì obì."

Ó wò mí. "Màmá, obì máa ń lajú èèyàn ni. Kì í ṣe báyìí."

Dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ọkọ mi, ó wo tèmi náà. Ó ní ọmọ ojú wa ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó bèèrè bóyá a fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá. Mo ní rárá. Mo na ọ̀rá náà sí i. Ó ṣí i, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì yára dì í padà. Ó ní oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú irúgbìn ló wà lára obì náà, pé àwọn kan ti ń dà á sí obì kó má baà lu kó tó dé ibi tó ń lọ.

Mo rò ó nígbà náà, bí orí mi ṣe wúwo tó. Kòkòrò kò jẹ ẹ́ nítorí pé kò ṣeé jẹ. Àwa rí i pé kòkòrò kò jẹ ẹ́, a sì yọ̀.

Wọ́n fún wa ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí ọkọ mi lára. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, dókítà padà wá.

"Ta ló tún mu nínú rẹ̀?"

"Adìẹ," mo ní.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in.

"Mo ní èèyàn, màmá. Ta ni obì náà tún wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìgbà náà ni ìyá mi wá sí mi lọ́kàn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí agolo yẹn ti dé ọwọ́ wọn. Mo pe fóònù wọn, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Iná kì í sí ládùúgbò wọn, wọ́n sì lè lo ọjọ́ púpọ̀ láì rí ibi gba iná sí i. Mo mọ èyí. Síbẹ̀ mo ń tẹ nọ́ńbà náà.

Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Lọ," ó ní.

"Ta ni kí n fi ọ́ sílẹ̀ fún?"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ṣé o ò rí okùn tí wọ́n fi so mí mọ́lẹ̀ ni?"

Mo ní kí aládùúgbò wa kan bá mi mójú tó àwọn ọmọ. Mo lọ sí gáréèjì Oǹdó. Ọkọ̀ kò tíì kún, mo sì jókòó sínú rẹ̀, mò ń wo àwọn tó ń tajà kọjá. Kò sí ohun tó burú tó kéèyàn máa kánjú nínú ọkọ̀ tí kò kún. Bàbá tó jókòó tì mí bu obì jẹ, ó sì fi awẹ́ kan lọ̀ mí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Mo mi orí.

"Ìyá, ẹ kì í jẹbì ni?"

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ara mi kò yá."

"Obì náà ló yẹ kẹ́ ẹ jẹ nìyẹn."

Mo kọjú sí fèrèsé. Láti Àkúrẹ́ dé Ọwẹ́nà, mi ò rántí ohun tí mo rí lọ́nà.

Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe rí ọwọ́ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ẹ̀gúsí, mo dúró síbi tí mo wà.

"Ta ló ń lé ọ bọ̀?" wọ́n ní.

"Màmá, ṣé ẹ ti mu tíì tí mo fi ránṣẹ́?"

"Ṣé kí n kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀ ni, àbí tíì ló bí ọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ti mu ún?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Lẹ́ńtì la wà. Mo ti fi obì du ara mi títí di Àjíǹde. Àbí wọn kì í gbààwẹ̀ ní Àkúrẹ́ mọ́?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mi ò sunkún. Ó ti rẹ̀ mí ju ẹkún lọ. Mo sọ fún wọn nípa adìẹ, nípa ọkọ mi, nípa ohun tí dókítà sọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Mo bèèrè agolo náà. Wọ́n wọlé lọ mú un wá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti da iyọ̀ sínú rẹ̀.

"Obì inú rẹ̀ dà?"

"Mo ti pín in. Ta ní ń dá ẹ̀bùn jẹ? Ṣé kí n máa gbóòórùn rẹ̀ láràárọ̀ kí n sì dẹ́ṣẹ̀?"

Ẹni méjì ni wọ́n pín in fún. Opó kan tó ń gbé ìkángun àgbàlá wọn gba díẹ̀. Alágbàṣe tó ń bá wọn roko kòkó ní ìhà Bọ́lọ́rundúró ló gba èyí tó pọ̀ jù, nítorí pé ó jìnnà sílé, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ará òkè ọya ni, ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́.

Mo ní kí a dìde ká lọ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi kò dìde.

"O fẹ́ kí n lọ gba obì padà lọ́wọ́ èèyàn," wọ́n ní. Bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ àlejò sọ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. "Àdúrà ni mo fi fún wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Bí mo bá gbà á padà, àdúrà yẹn dà? Lọ́wọ́ opó."

"Màmá, yóò pa wọ́n."

"Mo gbọ́. Mi ò sọ pé mi ò ní lọ. Jẹ́ kí n mọ ohun tí n óò sọ."

Wọ́n ro ohun tí wọn óò sọ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà opó náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń lọ ata. Ìyá mi kí i, wọ́n bèèrè ara, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n ní ọmọ àwọn ti Àkúrẹ́ dé.

"Ó ní obì tí òun fi ránṣẹ́ yẹn kò tíì gbẹ dáadáa," ìyá mi ní. "Ó ní kí òun tún un sá."

"Kò gbẹ kẹ̀?" opó náà ní. "Ó gbẹ ju ẹ̀yìn mi lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó ní yóò bu."

"Kò ní bu. Mo ti fi pamọ́ sínú àpótí. Àbí ẹ ti rí ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ fún ni, ìyá? Ẹ sọ ọ́, mi ò ní bínú."

Ìyá mi wolẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá tún parọ́ kan sí i, yóò pín in sí méjì, yóò fún wa ní ìdajì kó má baà dójú ti ìyá mi. Mo bá sọ òótọ́ fún un. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, nítorí pé mi ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ó gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀. Ó wọlé, a gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí, ó sì jáde pẹ̀lú ọ̀rá kékeré kan, ó fi ìka méjì dì í mú, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀.

"Àwọn àna ọmọ mi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ dè," ó ní. "Wọ́n ń bọ̀ ní Àjíǹde. N bá ti sè é fún wọn. N bá ti gbé e fún wọn lórí ìkúnlẹ̀." Ó wo ìyá mi. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí kànga. Mo lọ pọn omi fún ìyá mi, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sì dákẹ́. Wọ́n kí mi dáadáa. Nígbà tí mo gbé omi kúrò, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi pé, "Òun nìyẹn, èyí tó fi májèlé ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀." Mi ò wẹ̀yìn.

A lọ sí Bọ́lọ́rundúró láàárọ̀ yẹn. Ọ̀kadà gbé wa dé ibi tí ọ̀nà kò gbà á mọ́, a fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ìyá mi sì di apá mi mú. Ahéré alágbàṣe náà ṣófo. Ìkòkò rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹní rẹ̀ náà kò sí. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní oko kejì ní ó ti lọ gba iṣẹ́ igbó ṣíṣán lọ́nà odò, ọ̀nà tó jìn.

"Ara rẹ̀ le?" mo bi í.

"Kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ń làágùn, ó ń bì. Ó ní ibà ni."

Mi ò lè wo ojú ìyá mi. A rìn títí dé etí odò lọ́jọ́ yẹn, à ń bi gbogbo ẹni tí a bá pàdé. Ẹnì kan ní òún rí i, ẹnì kejì ní kì í ṣe ọkùnrin náà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, òun náà kò sì ní fóònù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá mi jókòó sórí igi tó ṣubú, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti parí. Mo ní láti padà sí Àkúrẹ́, nítorí ọkọ mi àti àwọn ọmọ.

Wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀ ní ọsibítù, ó sì padà sílé. Fún ìgbà díẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá di bíírò mú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọtí ló ń mu. Ó lọ sí Ọ̀bà-Ilé lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn tó ń rà á lókè ọhún máa ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ó tún un sọ, wọ́n tún dáhùn bẹ́ẹ̀. Kò lọ gbé àpò níbẹ̀ mọ́. A gbẹ́ ilẹ̀ jìn lẹ́yìn ilé, a ri tiwa àti ti opó náà mọ́lẹ̀, pẹ̀lú adìẹ àti ìkòkò.

Ìyẹn kò mú ọkàn mi balẹ̀. Obì kan ṣì wà nínú igbó tí ó ti ọwọ́ mi jáde. Èmi ni mo ṣa á. Èmi ni mo sá a, èmi ni mo gún un. Bí ọkùnrin yẹn bá kú sínú ahéré kan lọ́nà odò, ta ni wọn óò sọ pé ó pa á? Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ti gba iwájú ilé wa kọjá, màá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró títí yóò fi lọ. Mo di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì de ọjọ́ tí wọ́n bá wá mú mi, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ jẹ, mo máa ń gbé e sí imú ná. Bí fóònù bá dún, ọkọ mi ló ń bá mi gbé e, nítorí mi ò lè gbé e mọ́.

Ìyá mi ní tiwọn kò yé lọ sí oko. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti gbà wọ́n láyè, wọ́n á lọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, pé bí ẹnikẹ́ni bá rí i, kó sọ fún un pé kó má fẹnu kan obì yẹn mọ́. Lẹ́ńtì parí, ọdún Àjíǹde dé, ó kọjá. Wọ́n ní àwọn àna opó náà wá, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyá mi kò tíì jẹbì. Wọ́n ní ààwẹ̀ àwọn kò tíì tán.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi gbé fóònù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì nà án sí mi. "Gbà á," ó ní. "Kò burú."

"Ó ti dé," ìyá mi ní. "Ó ti padà sí oko wa. Ẹnì kan ló rí i láàárọ̀ yìí. Mò ń lọ síbẹ̀."

"Ẹ dúró dè mí, Màmá."

"Mi ò lè dúró dè ọ́. Bá mi lọ́nà."

Mo bá wọn lẹ́bàá ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà. Kí a tó dé ahéré a ti rí èéfín. Ọkùnrin náà jókòó sídìí iná. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ lé e lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ìkòkò wà lórí iná, omi inú rẹ̀ ń hó.

"Màmá, ẹ kú ìrìn," ó ní. Yorùbá rẹ̀ dán, ó kàn ń fa ìparí ọ̀rọ̀ ni. "Wọ́n ní ẹ ń wá mi káàkiri. Mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Obì tí mo fún ọ," ìyá mi ní. "Ṣé o mu ún?"

"Mo mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ibà gbé mi dè. Ibà burúkú. Mi ò ríran, mo bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi. Ọlọ́run ló yọ mí."

"Èyí tó kù dà?"

Ó nawọ́ sókè, ó fa ìdì aṣọ kékeré kan yọ láàárín koríko òrùlé. "Ó wà níbí. Mò ń tọ́jú rẹ̀ de ibà ni. Ohun kíkorò ló ń lé ibà. Ara ń ro mí láti àná, èyí tí mo gbé omi kaná fún nìyí."

Ó ti ń tú ìdì náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló gbé ìgbésẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú rẹ̀, ìyá àgbà tó dàgbà ju ìyá tirẹ̀ lọ, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì.

"Mo bẹ̀ ọ́, fún mi padà," wọ́n ní. "Ohun tí mo fún ọ kò dára. Mi ò mọ̀."

Ó fò dìde. Ó di èjìká wọn mú, ó ń fà wọ́n sókè, ó ń wo ojú mi pé kí n ràn án lọ́wọ́. Wọn kò dìde títí ó fi gbé ìdì náà lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí adìẹ. Ó gbọ́ ọ, ó ń wo ìkòkò rẹ̀.

"Kì í ṣe ibà nígbà náà," ó ní.

"Kì í ṣe ibà."

"Mo lo oògùn ibà tán fún un." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí. "Mo sì ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé omi ọ̀nà ibẹ̀ yẹn kò dára."

Ó gbé ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté kòkó tó ti kú, níbi tó jìn sí odò. Ìyá mi fúnra wọn ló sọ ìdì náà sínú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Mo dúró wò ó títí ó fi bò ó, tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tún bu ilẹ̀ lé e. Ó bu ilẹ̀ lé e. Kò bínú sí mi.

Nígbà tí a padà sídìí ahéré, omi ṣì ń hó.

"Mi ò ní da omi gbígbóná nù," ó ní. Ó mú iṣu kan láti ẹ̀yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ó ní kí a jókòó, pé kò sí ẹni tó máa kúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òun tí yóò lọ pẹ̀lú ebi.

A jókòó sórí pákó tó tẹ́ fún wa. Mo bèèrè ara àwọn ọmọ rẹ̀, ó dáhùn. Mo fẹ́ pe ọkọ mi, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá mi gbé orí lé mi léjìká, mo sì rò pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi. Nígbà tí mo wò wọ́n, wọ́n ti sùn. Iṣu kò tíì jinná. Èmi náà pa ojú mi dé.